Dísìkì Kẹsàn-án

Ní ilé ẹ̀rọ ìjọba tó wà lẹ́yìn ibùdó ọkọ̀ ojú irin ní ìlú Tiruchi, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo lọ́dún ni ẹ̀rọ máa ń sinmi, ìyẹn ọjọ́ Ayudha Puja. Lọ́jọ́ náà, gbogbo irinṣẹ́ ló ń gba ọlá lọ́wọ́ ẹni tó ń lò ó. Awakọ̀ á fọ mọ́tò rẹ̀, á fi òdòdó kọ́ ọ lọ́rùn. Télọ̀ á da aṣọ bo máṣíìnì rẹ̀. Ọmọ iléèwé á kó ìwé rẹ̀ síwájú Saraswati, òrìṣà tó jẹ́ ìyá ìmọ̀, kò sì ní fọwọ́ kàn án títí ilẹ̀ ọjọ́ kejì á fi mọ́. Ẹ má wulẹ̀ bi mí bóyá kọ̀ǹpútà mọ̀ pé wọ́n ń yẹ́ òun sí. Èmi ò mọ̀, mi ò sì bá ẹnikẹ́ni jiyàn lórí ẹ̀. Ohun tí mo mọ̀ ni pé láti ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ni bàbá kan tó ń jẹ́ Sabapathy ti ń fi ẹfun igi sandali kan ẹ̀rọ ńlá náà, olórí kọ̀ǹpútà ilé iṣẹ́ ọ̀hún, níwájú orí, kò sì sí ọ̀gá tó tíì láyà láti ní kó má kàn án mọ́. Ayya ni gbogbo ilé iṣẹ́ ń pè é.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é rèé. Sáfà mẹ́fà, ìyẹn àwọn ètò kọ̀ǹpútà tó ń pa àkọsílẹ̀ mọ́, ló ń gbé inú ẹ̀rọ ńlá kan ṣoṣo náà, bí ayálégbé. Ayya á tan káńfọ̀ sínú àwo ní ìta ẹnu ọ̀nà, nítorí iná ò gbọ́dọ̀ wọ yàrá ẹ̀rọ. Wọ́n á pa sáfà kan, ìgbà tí káńfọ̀ bá jó tán, wọ́n á jí i, wọ́n á bọ́ sórí èkejì. Lọ́dún tí mò ń wí yìí, ní aago mọ́kànlá kọjá díẹ̀, ó kan sáfà ìforúkọsílẹ̀. Inú rẹ̀ ni orúkọ gbogbo aláìsàn tó ń retí ẹ̀yà ara wà: ẹni tó ń wá kíndìnrín, ẹni tó ń wá ẹ̀dọ̀, ẹni tó ń wá ọkàn, àti ẹni tó kàn lórí ìlà. Káńfọ̀ jó tán. Poongodi tẹ bọ́tìnnì ìjí. Sáfà ò jí.

Poongodi lọ̀gá àwọn tó ń tọ́jú sáfà. Ẹni ọdún mọ́kànlélógójì ni, ó já fáfá, ẹnu rẹ̀ mú, òun náà sì mọ̀ pé òun já fáfá. Sàárì tuntun ló wọ̀ lọ́jọ́ náà, òdòdó jásímìnì wà nírun rẹ̀, ẹfun sandali ò sì tíì gbẹ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó tún bọ́tìnnì náà tẹ̀. Ojú kọ̀ǹpútà kọ ìlà ọ̀rọ̀ mẹ́ta, ó sì dákẹ́ síbẹ̀.

"Ẹ jẹ́ kó sùn díẹ̀ sí i," ni Elango, mánijà ilé iṣẹ́ náà, wí. Ó ń sọ ẹ̀wà sundal sẹ́nu lọ́kọ̀ọ̀kan. "Àbí òun náà ò ń ṣọdún ni?"

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Poongodi náà rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn ò dé ìdajì tí fóònù fi dún.

Dókítà Nasreen ló ń pè láti ilé ìwòsàn kan ní ìlú Madurai, obìnrin tó ń ṣètò bí ẹ̀yà ara ẹni tó kú ṣe ń dé ara alààyè.

"Poongodi, kí ló dé tí orúkọ ò jáde?"

"À ń jí i lọ́wọ́, Dókítà. Ìṣẹ́jú díẹ̀ ni."

"Ẹ yára o. Ọmọkùnrin kan wà níbí, ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún, ó ṣubú lórí alùpùpù. Ọpọlọ ti kú. Ẹ̀rọ ló ń mí fún un, àmọ́ ọkàn rẹ̀ ń lù dáadáa, ọkàn tó dá ṣáká ni. Ìyá rẹ̀ ti buwọ́ lùwé pé ká gbé e fún ẹni tó bá kàn."

"Ọlọ́run á tù ú nínú."

"Àmín. Ṣùgbọ́n ó ní àsìkò tí òun fún wa ò kọjá aago mẹ́ta. Bí orúkọ ẹni tó kàn ò bá tíì jáde ní aago mẹ́ta, ká yọ ẹ̀rọ lẹ́nu ọmọ òun, kí òun máa gbé e lọ sílé. Ó ní òun ò lè jókòó ti òkú tó ń mí ju bẹ́ẹ̀ lọ. Kí ni mo fẹ́ bá a jiyàn sí?"

"Ẹ ò mọ ẹni tó kàn rárá?"

"Ṣé ǹ bá máa pè ọ́ tí mo bá mọ̀ ọ́n? Àràárọ̀ ni ìlà yẹn ń yí padà, bí àìsàn oníkálukú bá ṣe le sí. Òfin ò gbà kí n fi ojú yan ẹnikẹ́ni. Ìbejì ẹ̀rọ yín tó wà ní Chennai, tó ń tọ́jú ẹ̀dà orúkọ, ńkọ́?"

"Wọ́n ti tú u palẹ̀ láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá fún àtúnṣe."

Dókítà mí kanlẹ̀. "Aago mẹ́ta, Poongodi," ó wí, ó sì pa fóònù.

Poongodi wo aago ògiri. Ó ku wákàtí mẹ́ta àti ogójì ìṣẹ́jú. Ó ju òdòdó irun rẹ̀ sẹ́yìn, ó jókòó, ó sì pe ètò ìdóòlà.

Ètò ìdóòlà yìí, inú àpò ètò tí wọ́n fi ń gbé nǹkan tuntun sórí ẹ̀rọ ló máa ń wà. Bí sáfà bá kọ̀ tí kò jí fúnra rẹ̀, òun ni wọ́n ń rán wọlé kó lọ wò ó bóyá ilé ṣì dúró: kó wá dísìkì tí àkọsílẹ̀ wà lórí rẹ̀, kó wá àwọn ìpín tí wọ́n pín dísìkì sí, kó sì ṣí wọn sílẹ̀ fún ẹni tó fẹ́ tún un ṣe. Poongodi ti lò ó nígbà mẹ́wàá lórí kọ̀ǹpútà kéékèèké. Ó dúró. Ètò náà wá kiri, ó wá kiri, ó sì mú èsì wá pé òun kò rí ìpín kankan.

"Kò rí kẹ̀?" Elango fi ojú kan ojú kọ̀ǹpútà. "Àwọn olè ti kó wọn lọ ni?"

"Kò sí olè, ọ̀gá. Wọ́n ń sùn ni. Ẹ jẹ́ kí n pè wọ́n."

Ibi tí ẹ̀rọ ńlá ti yàtọ̀ sí tèmi tìẹ nìyí. Kọ̀ǹpútà orí tábìlì mọ dísìkì rẹ̀ bó ṣe mọ ara rẹ̀. Ẹ̀rọ ńlá ò rí bẹ́ẹ̀. Dísìkì tó lé ní ẹgbẹ̀rún mẹ́rin ló so mọ́ ọn, ti ọ̀pọ̀ ẹ̀ka ìjọba ni, kò sì sí èyí tó máa dáhùn àfi tí ẹnì kan bá pè é ní nọ́ńbà. Ilé oníyàrá púpọ̀ ni. Ẹni tí o kò bá kan ilẹ̀kùn rẹ̀ kò ní yọjú sí ọ. Bí o bá sì wá lọ kan ilẹ̀kùn onílẹ̀kùn, tí o kọ nǹkan sórí dísìkì tí ẹlòmíràn ń lò lọ́wọ́, o ti ba tẹni ẹlẹ́ni jẹ́. Nítorí náà, a kì í pè wọ́n ní ìpèkúpè.

Nọ́ńbà mẹ́jọ ló wà lára pépà tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri fún sáfà ìforúkọsílẹ̀. Poongodi pè wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Àkọ́kọ́ dáhùn, èkejì dáhùn, títí dé orí ìkẹjọ. Ó tún rán ètò ìdóòlà wọlé. Ọkàn rẹ̀ balẹ̀ báyìí. Ó tilẹ̀ na ọwọ́ sí ife kọfí rẹ̀.

Ètò ìdóòlà padà dé. Ó ní òun rí dísìkì mẹ́jọ, ṣùgbọ́n òun kò rí ìpín kankan tó ṣe é lò lórí wọn. Lẹ́yìn náà ló wá béèrè ìbéèrè kan, ó sì gbé èsì méjì kalẹ̀ lábẹ́ rẹ̀: ṣé kí òun ṣètò àwọn dísìkì náà láti ìbẹ̀rẹ̀? Bẹ́ẹ̀ ni. Bẹ́ẹ̀ kọ́.

"Kí là ń dúró dè nígbà náà?" ni Elango wí. "Sọ bẹ́ẹ̀ ni fún un!" Ká tó wí, ká tó fọ̀, ìka rẹ̀ ti wà lórí bọ́tìnnì.

Poongodi gbá ọwọ́ rẹ̀ mú, kọfí sì dà sórí sàárì tuntun.

"Háà! Ọ̀gá, ṣé ẹ fẹ́ pa wá ni? Nínù ló fẹ́ nù wọ́n! Gbogbo orúkọ, láti òkè délẹ̀, kò ní ku ẹyọ kan!"

Elango fa ọwọ́ sẹ́yìn. Ó fi ọwọ́ náà sí abẹ́ apá bíi pé iná ti jó o. Kò tún súnmọ́ ibẹ̀ mọ́.

Poongodi yan bẹ́ẹ̀ kọ́. Ó wo dísìkì mẹ́jọ tó tò síwájú rẹ̀. Wọ́n jí, ara wọn le, wọn ò ṣàìsàn. Kí ló wá dé tí ilé ò fi pé? Bí ilé ò bá pé, a jẹ́ pé ẹnì kan ò sí nílé. Ibẹ̀ ló ti rántí. Mẹ́sàn-án ni wọ́n.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Ní ọdún tó kọjá, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn ìsinmi ẹ̀rọ, nígbà tí ọdún Deepavali ku ọ̀la, àyè tán nínú sáfà ìforúkọsílẹ̀. Ọjọ́ Àbámẹ́ta ni. Poongodi tọrọ dísìkì kan sí i lọ́wọ́ àwọn ará ọ́fíìsì Chennai tó ń pín dísìkì, ó sì so ó mọ́ àwọn tó kù láìpa sáfà. Iṣẹ́ tó mọ́ ni, kò sí aláìsàn kan tó mọ̀ pé nǹkan yí padà. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá so dísìkì mọ́ ẹ̀rọ tó lajú sílẹ̀ ṣì ní iṣẹ́ méjì láti ṣe. Ó gbọ́dọ̀ kọ nọ́ńbà rẹ̀ sínú àkọsílẹ̀ ìjí, kí sáfà lè mọ̀ pé òun ní láti pè é bí òun bá jí lọ́jọ́ iwájú. Ó sì gbọ́dọ̀ kọ ọ́ sínú ìwé búlúù tí ilé iṣẹ́ fi ń ṣàkọsílẹ̀ iṣẹ́ orí ẹ̀rọ, lọ́jọ́ náà gan-an, ní ọwọ́ ara rẹ̀, kó sì buwọ́ lù ú. Bọ́ọ̀sì Thanjavur ti ń fọn fèrè nígbà yẹn. Ìdána àbúrò rẹ̀ ni, àwọn èèyàn ti ń dúró dè é. Ó ní ọjọ́ Ajé lòun máa ṣe èyí tó kù. Ọjọ́ Ajé dé, ó bá iṣẹ́ tirẹ̀ dé. Oṣù mọ́kànlá lọ, sáfà ò sùn, dísìkì kẹsàn-án ń ṣiṣẹ́ rẹ̀, kò sẹ́ni tó mọ̀. Òní tí sáfà sùn ni dísìkì náà di ẹni àìmọ̀.

Poongodi ò rántí nọ́ńbà náà. Ó di ojú, ó wá a lórí, kò rí i. Ó pe àwọn ará Chennai. Fóònù dún títí ó fi rẹ̀ ẹ́. Ó tún pè. Ta ló máa wà ní ọ́fíìsì lọ́jọ́ ọdún? Nínú dísìkì ẹgbẹ̀rún mẹ́rin, ẹyọ kan ni tirẹ̀. Aago kan ti lù.

"Kí ló ṣẹlẹ̀?" Elango dúró sókèèrè bi í.

"Ó dà bíi pé dísìkì kan ò dáhùn."

"Èwo?"

"Mi ò tíì mọ̀."

"Ìwé búlúù ńkọ́? Ṣebí gbogbo nọ́ńbà ló wà nínú ẹ̀?"

Poongodi wo ọ̀nà àbákọjá. Ìwé búlúù wà lórí àpótí níbẹ̀, níwájú àwòrán Saraswati, òun àti àwọn bírò àti súkúdíráfà ilé iṣẹ́. Aṣọ òféèfèé ni wọ́n fi dì í, ẹfun sandali àti àtíkè pupa wà lára rẹ̀. Ó mọ̀ pé òun ò kọ nǹkan kan sínú rẹ̀. Bí wọ́n bá ṣí i, nọ́ńbà ò ní sí níbẹ̀. Ohun tó máa wà níbẹ̀ ni àyè òfìfo, gbogbo wọn á sì wò ó, wọ́n á wo òun.

"Ìwé wà níwájú Saraswati, ọ̀gá," ó wí. "A kì í ṣí i kí ilẹ̀ ọ̀la tó mọ́."

Ẹ gbọ́ mi o! Poongodi ló sọ̀rọ̀ yẹn. Poongodi tó bu sundal jẹ lọ́dún tó kọjá kí wọ́n tó gbé e fún òrìṣà, tó ní ebi ń pa òun ju Saraswati lọ! Ọjọ́ wo ló di ìyá àdúrà? Ìbẹ̀rù ló ń sọ̀rọ̀, ìbẹ̀rù ò sì mọ òrìṣà.

Àmọ́ Elango gbà á gbọ́. Ó họrí. "Òótọ́ ni o. Ìyá mi máa ń sọ pé ẹni tó bá ṣí ìwé lọ́jọ́ òní, ìmọ̀ á fò jáde lórí ẹ̀."

"Ẹ ò rí i bí?"

Ó bá padà sídìí iṣẹ́. Ó ń fi ojú wá nọ́ńbà, ìlà lórí ìlà, àwọn dísìkì aláìlórúkọ tó ń sùn. Ó mọ̀ pé òun ò lè rí i bẹ́ẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ sá ń ṣiṣẹ́ kí wọ́n má baà ní kò ṣe nǹkan. Òógùn ń ṣàn sílẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀ nínú yàrá tó tutù bí omi òjò. Aago kan ààbọ̀ kọjá. Aago méjì ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá, fóònù dún. Ọwọ́ rẹ̀ kún, ló bá tẹ̀ ẹ́ kó máa sọ̀rọ̀ sókè.

"Ibo lẹ dé?" Dókítà Nasreen ni.

"À ń gbìyànjú, Dókítà."

"Ìyá náà ti ń kó aṣọ ọmọ rẹ̀ sínú báàgì. Ó ká ṣòkòtò rẹ̀, ó tú u, ó tún un ká. Mi ò mọ ohun tí mo máa sọ fún un mọ́. Poongodi, ẹnì kan wà níbìkan tí ọkàn yìí jẹ́ tirẹ̀, òun náà ò sì mọ̀. Ẹ jọ̀ọ́."

Ayya Sabapathy ti jókòó sí ẹnu ọ̀nà láti aago mọ́kànlá, àwo káńfọ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Òun ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ pa sáfà náà, ẹ̀rí ọkàn sì ń jẹ ẹ́. Ó dìde báyìí. Ó wá dúró sí ẹ̀yìn àga Poongodi.

"Dísìkì mélòó ló jí, ọmọ mi?"

"Mẹ́jọ, Ayya."

"Mélòó ló yẹ kó jí?"

Poongodi tún ń fi ojú wá nọ́ńbà lójú kọ̀ǹpútà.

Bàbá yíjú sí ọ̀nà àbákọjá, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í rìn lọ. Poongodi fò dìde, ó sáré tẹ̀ lé e, ó di etí aṣọ rẹ̀ mú.

"Ẹ jọ̀ọ́, Ayya, ẹ má ṣí i. Òní kọ́."

"Nítorí òrìṣà ni, àbí nítorí tìẹ?"

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ Poongodi lára. Kò bínú, kò ráyè bínú. Ó tú aṣọ bàbá sílẹ̀.

"Nítorí tèmi ni," ó wí.

"Ó dáa. Ìyẹn ò tó nǹkan tí ọkàn èèyàn á torí ẹ̀ jẹrà."

Elango sáré dé, ó na ọwọ́ méjèèjì. "Ayya, ẹ̀yin gan-an? Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń na ẹni tó bá fọwọ́ kan bírò lónìí?"

"Elango, Saraswati kì í ṣe òmùgọ̀. Yẹra fún mi."

Bàbá bọ́ bàtà rẹ̀. Ó kúnlẹ̀ níwájú àwòrán, ó pa àtẹ́lẹwọ́ pọ̀. "Ìyá," ó wí, bó ṣe máa ń bá ìyá rẹ̀ gan-an sọ̀rọ̀, "mo fẹ́ kàwé. Bí ẹ bá fẹ́ bínú, èmi nìkan ni kẹ́ ẹ bínú sí." Ó tú aṣọ òféèfèé náà. Ẹfun sandali tó ti gbẹ ń já bọ́ sílẹ̀. Ó ṣí ìwé, ó fi ìka tẹ̀ lé ọjọ́, ó kọjá oṣù kan, ó kọjá òmíràn. Poongodi ò lè wò ó. Ògiri ló ń wò.

"Òun nìyí," ni bàbá wí.

"Kí ni?"

"Wá kà á."

Bírò aláwọ̀ ewé ni wọ́n fi kọ ọ́, ìkọ̀wé Ayya tó tóbi bí ti ọmọdé. Ọjọ́ Àbámẹ́ta. Poongodi so dísìkì kẹsàn-án mọ́ sáfà ìforúkọsílẹ̀, nọ́ńbà 4a17. Ọkọ̀ ń dúró dè é. Ó ní ọjọ́ Ajé lòun máa parí ẹ̀. Lábẹ́ rẹ̀ ni ìlà kan wà lófìfo, fún ọwọ́ rẹ̀.

Poongodi kà á lẹ́ẹ̀mejì. Omi lé sí i lójú, kò tilẹ̀ nù ún.

"Ẹ ti mọ̀ látọjọ́ yẹn?"

"Èmi ni mo wà lórí iṣẹ́. Mo rí nọ́ńbà náà lójú kọ̀ǹpútà tèmi, mo kọ ọ́ kó má baà sọnù. Mo fi ìlà sílẹ̀ fún ọ. Mo wá gbójú kúrò níbẹ̀, mo ní ọmọ yẹn á padà wá buwọ́ lù ú." Bàbá mi orí. "Ó yẹ kí n ti bi ọ́ kí n tó tan káńfọ̀ láàárọ̀. Èmi náà jẹ̀bi. Lọ pè é, aago ń lọ."

Ìsáré ni Poongodi sá padà. Ó pe 4a17. Dísìkì náà kọ́kọ́ dákẹ́. Ó lè jẹ́ pé wọ́n ti gbà á padà láìsọ fún un, ó lè ti di ti ẹ̀ka mìíràn. Ó fi ẹsẹ̀ lu ilẹ̀ láìmọ̀. Níkẹyìn dísìkì dáhùn, ó sì dá orúkọ ara rẹ̀: ìforúkọsílẹ̀, kẹsàn-án.

Ó rán ètò ìdóòlà wọlé lẹ́ẹ̀kẹta. Elango ń ka àdúrà sábẹ́ ètè. Ètò náà wá kiri, ó dúró, ó tún wá kiri. Lẹ́yìn náà ni ìpín bẹ̀rẹ̀ sí í jáde lójú kọ̀ǹpútà: ọ̀kan, èjì, ẹ̀ta, gbogbo wọn pé, ilé wọn ò wó. "Wọ́n ti jáde o!" ni Elango ké. Poongodi ò ké ní tirẹ̀. Ó kọ nọ́ńbà kẹsàn-án sínú àkọsílẹ̀ ìjí, iṣẹ́ ìṣẹ́jú mẹ́rin, iṣẹ́ tó ti yẹ kó ṣe lọ́jọ́ Ajé kan ní oṣù mọ́kànlá sẹ́yìn. Ó pa sáfà. Ó jí i.

Jíjí ẹ̀rọ ńlá kì í yá. Aago méjì kọjá ogún ìṣẹ́jú. Aago méjì ààbọ̀. Kò sẹ́ni tó jókòó. Ó di aago mẹ́ta ku ìṣẹ́jú mẹ́tàlélógún kí àkójọ orúkọ tó ṣí, Poongodi sì fa fóònù mọ́ra.

"Dókítà! Ẹ wò ó báyìí!"

Wọ́n ń gbọ́ bó ṣe ń tẹ bọ́tìnnì lọ́hùn-ún. Wọ́n gbọ́ tó mí sókè.

"Mo ti rí i. Mo ti rí i! Ìlú Dindigul ni ẹni tó kàn wà, kò tó wákàtí kan àtààbọ̀ síbí. Ẹ jẹ́ kí n sáré bá ìyá yìí kó tó gbé báàgì." Fóònù kú.

Elango jókòó wìì sórí àga, ó nu ojú, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín ẹni tó jàjàbọ́. "Ó tán! Màá kọ ọ́ sínú ìròyìn pé ẹ̀rọ ló dákú, ó sì ti jí. Ẹ̀rọ ò lẹ́nu tó máa fi sọ tiẹ̀. Poongodi, lọ jẹun, o ti ṣe bẹbẹ."

Ọ̀rọ̀ náà dùn létí. Mi ò ní purọ́ fún yín, ó dùn mọ́ Poongodi. Kò ní náwó, kò ní nára. Ayya ò wò ó, ó ń palẹ̀ àwo káńfọ̀ mọ́ bí ẹni tí kò gbọ́. Poongodi lọ fọ kọfí kúrò lára sàárì rẹ̀.

Aago mẹ́ta kọjá díẹ̀, fóònù tún dún.

"Wọ́n ti ń gbé ọmọ náà lọ sí yàrá iṣẹ́ abẹ," ni Dókítà Nasreen wí. Ohùn rẹ̀ ti rọ̀. "Ìyá náà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Ó béèrè ìdí tó fi pẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Mo ní àkójọ orúkọ ló tì pa, obìnrin kan ní Tiruchi ló jà títí ó fi ṣí. Ó ní kí n bá òun dúpẹ́ lọ́wọ́ obìnrin náà. Ó ní kí n sọ fún ọ pé àwọn ọmọ rẹ ni yóò sin ọ́, o kò ní sin wọ́n."

Poongodi gbé ọwọ́ lé àyà. Ó ní ọmọ méjì, ọ̀kan ti ń gun alùpùpù. Ẹkún tó ti ń gbé mì láti ọ̀sán já jáde, kò sì lè dá a dúró.

"Dókítà," ó wí nígbà tí ẹnu rẹ̀ ṣe é là, "èmi ni mo tì í."

"Kí lo wí?"

"Àkójọ yẹn. Èmi ni mo tì í, oṣù mọ́kànlá sẹ́yìn. Iṣẹ́ tí mo pa tì ni. Mo sì tún fẹ́ fi pamọ́ lónìí, mo fi ọ̀pọ̀ ìṣẹ́jú ìyá yẹn ṣòfò nítorí kí ojú má baà tì mí. Ẹ sọ fún un. Mi ò lè gba àdúrà yẹn."

Wọ́n ń gbọ́ ariwo kẹ̀kẹ́ aláìsàn tó ń kọjá lọ́hùn-ún.

"Mi ò ní sọ fún un," ni Dókítà wí. "Òkú ọmọ rẹ̀ ló fẹ́ lọ fi iná sun lọ́la. Ẹrù tìẹ nìyẹn, má gbé e rù ú. Àdúrà tó sì ti ṣe, mi ò rò pé èèyàn lè dá a padà." Ó pa fóònù.

Elango la ẹnu sílẹ̀, ó ń wo Poongodi, ó ń wo Ayya. "Kí ni kí n wá kọ báyìí?" ó béèrè.

"Orúkọ mi ni kẹ́ ẹ kọ, ọ̀gá."

Ó jáde sí ọ̀nà àbákọjá. Ìwé búlúù ṣì wà ní ṣíṣí síbẹ̀ lórí aṣọ òféèfèé. Ayya mú bírò aláwọ̀ ewé láàárín àwọn tó wà níwájú Saraswati, ó nu ẹfun ara rẹ̀ mọ́ aṣọ, ó sì nà án sí i láìsọ̀rọ̀. Poongodi bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó buwọ́ lu ìlà tó ṣófo náà. Ọjọ́ òní ló kọ sí i, kì í ṣe ti Àbámẹ́ta yẹn, ó sì gbé ìwé náà lọ fún Elango kó kà á.